Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí iṣẹ́ ìwádìí tí mo béèrè nípa rẹ̀

Ẹ̀yin ará, àbọ̀ ni mo wá jẹ́ lórí ìbéèrè mi, pé ṣé ẹni tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Adó-Èkìtì lè rí iṣẹ́ olùwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi àwòrán ronú bí ènìyàn.

Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní kí n fi ẹ̀rí ìṣirò kan hàn láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo da ekùrọ́ sórí tábìlì: mo fi ẹyọ kan lélẹ̀, mo to mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí igun, mo tún to márùn-ún sí ẹ̀yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ sì di mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Ọmọdé tó bá rí i yóò mọ̀ pé bí a bá ń fi nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba kún un báyìí lẹ́sẹẹsẹ, ìbú àti òró rẹ̀ yóò máa dọ́gba lọ títí. Bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe rí ohun tí ọmọ náà rí gan-an ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, nítorí ó mọ ètò kọ̀ǹpútà kíkọ jù mí lọ, n kò sì lè jiyàn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Isabelle, ètò tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rí ìṣirò wò. Ẹ ṣeun o, mo ti parí ọ̀rọ̀ mi níbí.