tTG-IgA kò wálẹ̀ tán: ṣé ẹ̀rọ ìlọ̀ èlùbọ́ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa àìsàn celiac (èyí tí gluten, èròjà inú àlìkámà àti báálì, fi ń ba ìfun jẹ́).

Obìnrin ẹni ọdún 41 ni aláìsàn tí mò ń béèrè nípa rẹ̀, Kabba ló ń gbé. Nígbà tí àyẹ̀wò kọ́kọ́ gbé e jáde, tTG-IgA rẹ̀ (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga nínú celiac) jẹ́ ìlọ́po 10 ibi tó yẹ kó ga mọ. Lẹ́yìn oṣù 6 láìjẹ gluten, ó já sí ìlọ́po 4. Ní oṣù 18, ìlọ́po 3 ló ṣì wà. Láàbù kan náà ló ń ṣe é, gbogbo IgA inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì pé, nítorí náà àyẹ̀wò náà ṣeé gbára lé.

A ti yọ búrẹ́dì, sẹmó, indomí àti malt (báálì ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìyẹn). Irú àti iyọ̀ ló rọ́pò magí. Kò ra àkàrà níta mọ́, torí epo tí wọ́n fi dín bọ́ọ̀nsì ni wọ́n tún ń lò. Iyán, gààrí, ẹ̀wà àti ọkà (àmàlà) ló kù.

Ibi ìlọ̀ ni mo fura sí. Ẹ̀rọ tó lọ àlìkámà láàárọ̀ ló ń lọ èlùbọ́ rẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde a máa funfun ju ìyókù lọ, bí ẹni pé ìyẹ̀fun àlìkámà ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Gluten 10 mg lójúmọ́ kì í sábà pani lára, àmọ́ 50 mg lójoojúmọ́ lè ba ìfun jẹ́. Dókítà fẹ́ tún fi kámẹ́rà wo ìfun rẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dí ihò yìí ná.

Ẹni tó bá ti rí irú èyí rí: bí a bá kọ́kọ́ lọ àgbàdo dànù kí tirẹ̀ tó wọlé, kílò mélòó ló máa fọ ẹ̀rọ náà mọ́ tó, àbí àfi kó ní ẹ̀rọ tirẹ̀?