Ààlà ni ká máa pè é, kì í ṣe òfin ọgọ́sàn-án

Ẹ̀gbọ́n, mo ka àbá yín lórí orúkọ Yorùbá tá a máa fún "180-degree rule", ìyẹn òfin tó ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà tá a bá ń ya fíìmù, ẹ ṣeun gan-an ni, àmọ́ "òfin ọgọ́sàn-án dígírì" yẹn ò lè rìn lórí sẹ́ẹ̀tì. Mo mọ ibi tẹ́ ẹ ti mú un. Kámẹ́rà lè máa lọ káàkiri nínú ìdajì òbìrí kan, ìyẹn ọgọ́sàn-án dígírì, kó ṣáà má ti bọ́ sí ìdajì kejì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọgọ́sàn-án fún ọmọ tó ń gbé kámẹ́rà láyé ìsinyìí, ó máa kọ́kọ́ dúró ṣírò ẹ̀ ná, torí òǹkà òyìnbó ni wọ́n fi ń ka nǹkan, àti pé iye dígírì yẹn kọ́ lohun tá à ń ṣọ́, ohun tá à ń ṣọ́ ni ìlà kan tẹ́nikẹ́ni ò rí, tó wà láàárín ẹni méjì tó ń wo ara wọn.

Àbúrò tó ní ká pè é ní "ìlà ojú", ó yé mi. Àmọ́ ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá ń kọ nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́? "Ila oju" ni wọ́n máa kọ, ẹni tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù á sì kà á sí ilà tí wọ́n ń kọ, àbàjà tàbí pélé. Ọ̀rọ̀ tó bá máa ṣi ẹnì kan lọ́nà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Tèmi ni ààlà. Ó ti wà nílẹ̀, gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n, a máa ń pa ààlà, a máa ń kọjá ààlà, a sì máa ń tún ààlà pa. Ohun mẹ́ta tá a nílò náà nìyẹn. Ẹ wo síìnì tá a máa ń yà ṣáá: ọkọ, ìyàwó àti àna wọn jókòó sídìí tábìlì, ìyàwó wà lápá òsì kámẹ́rà, ọkọ lápá ọ̀tún, àna wà lódì kejì tábìlì, ó kọjú sí wa. Tí ìyàwó bá ń wo ọkọ ẹ̀, ọ̀tún lojú ẹ̀ ń lọ, tá a bá wá ya ọkọ nìkan, òsì ló yẹ kí tiẹ̀ máa lọ. Ẹ gbé kámẹ́rà lọ sẹ́yìn àna báyìí kẹ́ ẹ ya ọkọ látibẹ̀, ojú tiẹ̀ náà á máa lọ sí ọ̀tún, tí ẹ́dítọ̀ bá so méjèèjì pọ̀, òǹwòran á rò pé ẹlòmíì ni àwọn méjèèjì ń wò. A ti kọjá ààlà nìyẹn.

Ibi tó ti wá ń le ni pé àna náà ń sọ̀rọ̀. Ààlà ti di mẹ́ta, torí ẹni méjì méjì ló ń ní in láàárín ara wọn. Tá a bá ń ya àna látẹ̀yìn èjìká òsì ìyàwó, ọ̀tún lojú àna máa lọ tó bá ń dá ìyàwó lóhùn, bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ọ̀tún yẹn náà ló wò nígbà tó ń bá ọkọ sọ̀rọ̀. Ta ló ń dá lóhùn? Èjìká ọ̀tún ìyàwó ló yẹ ká gbà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dáírẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó tan kámẹ́rà pé ààlà ta àti ta là ń tẹ̀ lé.

Ẹnì kan wá sọ pé ààlà kì í rìn, pé wọ́n á ti gbin pẹ̀rẹ̀gún síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé tinú fíìmù ń rìn. Hàbà, ṣebí tí wọ́n bá pín ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n á tún un pa ni? Tí àna bá dìde, tó rìn lọ sójú fèrèsé, tí òǹwòran sì rí i bó ṣe ń rìn, a ti tún ààlà pa lójú wọn, kò sí ìjà. Ìdí kejì tí mi ò fi fẹ́ "òfin" nìyẹn. Yasujirō Ozu, dáírẹ́kítọ̀ fíìmù ará Jàpáàní, mọ̀ọ́mọ̀ ń kọjá ẹ̀ ni jálẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mú un. Bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ kan pápá ni wọ́n ń to àwọn kámẹ́rà ńlá sí, kí ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sápá ọ̀tún má lọ yí padà mọ́ wa lójú.

Ní ti eyeline, ìyẹn ibi tí ojú òṣèré ń lọ, mo fara mọ́ ìfojúsùn, bí ọdẹ ṣe ń fojú sun ẹran. Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹni tí òṣèré ń bá sọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́, téépù pélébé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ irin iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì kó máa wò. Tẹ́ni yẹn bá dúró, kí téépù wà lókè, tó bá jókòó, kó wà nísàlẹ̀. Ẹ́dítọ̀ lè wá sọ pé "ìfojúsùn wọn ò bára mu", kò sẹ́ni tó máa ní ohun tó ń sọ ò yé òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ká má kàn máa sọ "ọ̀tún" lásán mọ́. Lórí ìtàgé, ọ̀tún òṣèré ni wọ́n ń sọ. Àwọn àgbà wa tó tibẹ̀ wọ fíìmù, bíi Hubert Ogunde tó ti ń gbé eré káàkiri láti àárín ọdún 1940 kó tó bọ́ sídìí fíìmù lọ́dún 1979, iwájú ni àwọn òǹwòran máa ń jókòó sí, kò sẹ́ni tó ń gbé àga lọ sẹ́yìn ìtàgé, ààlà ń ṣọ́ ara ẹ̀. Níwájú kámẹ́rà, ẹ jẹ́ ká máa sọ "ọ̀tún kámẹ́rà" tàbí "ọ̀tún òṣèré", kẹ́ni tó ni ọ̀tún máa hàn.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni pé tẹ́nì kan bá rìn jáde lápá ọ̀tún àwòrán, òsì ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé nínú èyí tó kàn. Àwọn kan ń pè é ní "ìtọ́sọ́nà", àmọ́ ìtọ́sọ́nà ti níṣẹ́ mìíì tó ń ṣe. Ẹni tó bá ní òmíì kó mú un wá.