Èwo nínú ìgbóná orí motherboard mi ló yẹ kó já mi láyà?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo fi ń to fídíò ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. CPU Ryzen 5 3600, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, ló wà lórí motherboard B450, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́. Nígbà tí mo yọ fáànù tó bá CPU náà wá nínú páálí, tí mo fi èyí tó ń lo omi rọ́pò rẹ̀, ìgbóná CPU wálẹ̀ láti 84 °C sí 66 °C nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo ṣí HWiNFO, ètò tó ń ka ìgbóná kọ̀ǹpútà, tí mo rí àwọn nọ́ńbà yòókù: VRM (apá tó ń pèsè iná fún CPU) 98 °C, chipset (chip tó ń so àwọn ẹ̀yà yòókù pọ̀ mọ́ CPU) 57 °C, SSD NVMe (ibi tí fáìlì ń wà) 68 °C, àti ọ̀kan tí wọ́n pè ní AUXTIN tó dúró gbári lórí 127 °C, yálà mo ń ṣiṣẹ́ tàbí n kò ṣe. Yàrá mi kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì máa ń tó 32 °C lọ́sàn-án. Èwo ni kí n bẹ̀rù nínú wọn, èwo ni kí n má kà sí?

Baba Sọ́dà dáhùn pé:

Lójú tèmi, ohunkóhun tó bá ti kọjá 80 °C lórí motherboard kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. 127 °C ju ibi tí omi ti ń hó lọ. Ẹ pa á, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ kí ó tó jóná.

Ìyá Ẹlẹ́rọ dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè fara mọ́ èyí. Kò sí iye kan ṣoṣo tí a lè fi ṣe ààlà fún gbogbo ohun tó wà lórí motherboard, nítorí pé ooru tó lè dá ọ̀kan dùbúlẹ̀, èkejì lè má mọ̀ pé ó kọjá. 95 °C ni AMD fi ṣe òpin fún CPU yìí, bó bá sì ti débẹ̀ ni yóò dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. MOSFET, ìyẹn swíìṣì iná kékeré tó wà nínú VRM, ní tirẹ̀, 150 °C ni àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn gẹ́gẹ́ bí òpin ohun tí inú rẹ̀ lè gbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé 127 °C kúrò nílẹ̀. Chip kan tí wọ́n ń pè ní Super I/O ló ń ka ìgbóná láti ojú ọ̀nà mélòó kan, àwọn tó sì ṣe motherboard kì í so sẹ́ńsọ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọn kò so nǹkan kan mọ́ yóò máa sọ ohun tó wù ú. 127 gan-an kì í ṣe nọ́ńbà tó ṣàdédé wá, òun ni iye tó ga jù lọ tí bít 8 lè kọ nígbà tí a bá ti ya ọ̀kan nínú wọn sọ́tọ̀ fún àmì ìyọkúrò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ òótọ́, ẹ tan kọ̀ǹpútà náà ní àárọ̀ lẹ́yìn tó ti wà ní pípa mọ́jú. Gbogbo èyí tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nítòsí ooru yàrá, kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, àyàfi ti CPU, tó máa ń fò sókè lójijì láìsí àrùn kankan. Èyí tó bá jí pẹ̀lú 127, irọ́ ló ń pa.

VRM ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ iná 12 V tó ń wọlé di èyí tó lé díẹ̀ ní 1 V fún CPU, iṣẹ́ náà ló sì ń mú un gbóná. Fáànù inú páálí tí ẹ yọ yẹn, ìsàlẹ̀ ló ń fẹ́ sí, afẹ́fẹ́ tó bá sì ti kan ojú motherboard á tàn dé orí VRM àti àwọn kápásítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀) tó yí CPU ká. Èyí tó ń lo omi gbé ooru CPU lọ sọ́dọ̀ rádíétọ̀, kò sì fẹ́ atẹ́gùn kankan sí VRM mọ́. 98 °C kò tíì lè ba MOSFET jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ wà, inú rẹ̀ gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ tèmi ni, n kò ní sọ̀rọ̀ tí kò bá tó 90 °C. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, n ó wá afẹ́fẹ́ fún un. Bó bá sì kọjá 110 °C, n ó dá iṣẹ́ dúró. Àwọn tó ń dán motherboard wò fún íntánẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń ṣe é nínú yàrá tó tutù tó nǹkan bíi 22 °C, nítorí náà ẹ fi 10 kún iye wọn kí ẹ tó fi wé tiyín.

Adéwáyà dáhùn pé:

Òótọ́ ni Ìyá Ẹlẹ́rọ sọ, àmọ́ kápásítọ̀ ni èmi ń bẹ̀rù ju MOSFET lọ. Àwọn kápásítọ̀ olómi tí wọ́n kọ 105 °C àti wákàtí 2,000 sí, bí ooru bá ti fi 10 °C dín, ọjọ́ ayé wọn á di ìlọ́po méjì. Ní 95 °C wọ́n á lo wákàtí 4,000, ní 65 °C wọ́n á lo 32,000. Ẹni tó ń tan kọ̀ǹpútà fún wákàtí 8 lójúmọ́ á rí nǹkan bí ọdún 11 lò ní 65 °C, ṣùgbọ́n ní 95 °C kò ní pé ọdún kan ààbọ̀. Àwọn polymer tó sábà máa ń wà lẹ́bàá CPU lóde òní kò ní omi tó lè gbẹ, wọ́n sì ń fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn: olómi ni èyí tí wọ́n fa ìlà bí àgbélébùú sí lórí, bí orí náà bá sì ti wú, ó ti ń kú lọ. Ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò láàárín eyín heatsink, irin tó ń fa ooru, pẹ̀lú.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:

Ẹ ṣeun gan-an ni. AUXTIN jí pẹ̀lú 127 láàárọ̀ yìí lóòótọ́, nígbà tí VRM bẹ̀rẹ̀ láti 29 °C. Mo ti so fáànù 80 mm kan kó kọjú sí heatsink VRM, 98 °C sì ti di 79 °C. Kápásítọ̀ kankan kò wú. Ó ku SSD.

Ìyá Ẹlẹ́rọ:

Chipset B450 ní 57 °C, n kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti SSD, 70 °C ni òpin tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe NVMe kọ fún iṣẹ́, nítorí náà ẹ ti sún mọ́ ọn. Kì í sábà bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń falẹ̀ ni, ẹ ó sì rí i nígbà tí ẹ bá ń da fídíò ńlá sínú rẹ̀. Ẹ tú heatsink rẹ̀ kí ẹ wo bóyá ọ̀rá tín-ín-rín tó bo pad (ohun rírọ̀ tó ń gbé ooru lọ sí heatsink) abẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá abẹ́ káàdì àwòrán ni ihò M.2 tí a ki SSD náà sí wà, torí ooru káàdì náà á máa bá a jà. Bí motherboard yín bá ní ihò kejì, ẹ lè gbé e lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé rẹ̀ ná, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ B450, ihò kejì kì í yára tó ti àkọ́kọ́.