Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tí mo rà ń mu omi: ṣé kí a tú u ni, àbí kí n dúró de ẹni tó tà á?

Onítírélà Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá awakọ̀ àti ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Bearing (irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnì ń yí nínú rẹ̀) ló jẹ nínú ẹ́ńjìnì tírélà mi àtijọ́, ó sì bá crankshaft, ìyẹn ọ̀pá náà, lọ. Mi ò fẹ́ ra àlòkù tí a ò mọ ìyà tó ti jẹ, ni mo bá ra reman: èyí tí ilé-iṣẹ́ tú palẹ̀, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo ohun tó ti jẹ nínú rẹ̀. Onísílíńdà mẹ́fà ni. Long block ni wọ́n tà fún mi, ìyẹn block (ara ẹ́ńjìnì tí sílíńdà wà nínú rẹ̀), top cylinder (ìdérí orí rẹ̀) àti ohun tó wà nínú wọn. Nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà, tọ́bò, oil cooler tó ń mú ọ́ìlì tutù, EGR cooler tó ń fi omi mú èéfín tó ń padà sínú ẹ́ńjìnì tutù, àti intercooler tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, ti àtijọ́ la gbé sórí rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní báyìí, omi rédíétọ̀ ń dínkù, bẹ́ẹ̀ a ò rí ibi tó ń kán sí nílẹ̀. Èéfín funfun tó ní òórùn dídùn ń jáde láàárọ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tán, prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì ń wálẹ̀ tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan. Lórí gẹ́ẹ̀jì, ọ́ìlì ò dínkù, àfi bíi pé ó ń ga sí i.

Ẹni tó tà á ní ẹ̀bi ẹni tó gbé e sínú ọkọ̀ ni. Mẹkáníìkì mi ní top cylinder tí wọ́n fi sí i ti sán, ó sì fẹ́ tú u lọ́la. Wọn ò tún dá owó ìdógò mi padà, èyí tó yẹ kí n gbà tí mo bá ti gbé ẹ́ńjìnì àtijọ́ fún wọn; wọ́n ní block rẹ̀ sán. Kí ni kí n ṣe?

Awakọ̀ Àgbà:
Àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà kan ẹ́ńjìnì yẹn lọ́la. Ọ̀pọ̀ wáráńtì ló sọ ọ́ kedere pé tí o bá tú u kí wọ́n tó fún ọ láṣẹ, o ti tú wáráńtì náà pẹ̀lú rẹ̀. Àwáwí ni wọ́n ń wá kiri, má gbé ọ̀kan lé wọn lọ́wọ́.

Wo ẹ̀gbẹ́ block àti top cylinder. Ó ṣeé ṣe kí o rí irin roboto kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Àárín rẹ̀ máa ń yọ́ tí ooru bá kọjá nǹkan bíi 120 °C. Tó bá ti yọ́, wọ́n á ní o jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná jù. Tí kò bá tíì yọ́, yára ya fọ́tò rẹ̀ kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì hàn nínú fọ́tò kan náà.

Ọmọ Dísẹ́ẹ̀lì:
Ẹ jẹ́ kó tú u jàre! Títí wọ́n á fi dáhùn, omi á ti wọ inú bearing. Ta ló máa san ìyẹn?

Ọ̀gá Sípánà:
Kó pa á, kó gbé e kalẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí kò ṣiṣẹ́ kì í jẹ bearing.

Onítírélà, àìsàn méjì ni mo rí nínú ohun tí o kọ, mẹkáníìkì rẹ sì fẹ́ fi oògùn kan wò ó. Omi tó ń dínkù láì jò síta, pẹ̀lú èéfín funfun, lè wá láti ara top cylinder lóòótọ́. Ṣùgbọ́n EGR cooler ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, torí àtijọ́ ni. Tó bá sán nínú, omi á gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọ sílíńdà, á sì jó jáde. Kò sí nínú ohun tí wọ́n tà fún ọ, nítorí náà o lè yọ ọ́ láì ba wáráńtì jẹ́. Dí ẹnu rẹ̀, fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ibi tí omi ń gbà, kí o rì í sínú omi gbígbóná. Omi tútù ò tó, torí àwọn sísán kan kì í là àfi tí irin bá gbóná. Wo ibi tí ìfófòó bá ti ń yọ.

Ọ́ìlì tó ń ga, tí prẹ́ṣọ̀ sì ń wálẹ̀, ìyẹn jọ dísẹ́ẹ̀lì ju omi lọ. Nọ́sù tó ń kán máa ń fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, epo á sì ṣàn lọ sínú sump, ìyẹn agbada ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì á ṣàn bí omi. Gba ọ́ìlì díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì gbóná, fi ránṣẹ́ sí ilé ìdánwò. Tí wọ́n bá rí sodium tàbí potassium, coolant, ìyẹn omi rédíétọ̀, ni. Tí wọ́n bá rí epo, nọ́sù ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Tí silicon bá pọ̀ díẹ̀, má jáyà, sealant (gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ojú ìpàdé irin) ẹ́ńjìnì tuntun lè fà á. Copper pàápàá lè wá láti ara oil cooler, kì í ṣe bearing.

Lẹ́yìn náà, la fíltà ọ́ìlì. Ohun tí wọ́n fi ń gé fíltà ni kí o lò, kì í ṣe ayùn irin, torí ayùn á da èérún irin tirẹ̀ sínú rẹ̀, o ò ní mọ èwo ni èwo. Na bébà inú rẹ̀, fún un gbẹ, wò ó nínú oòrùn. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbé, irin ni. Èyí tó ń dán tí mágínẹ́ẹ̀tì ò gbé, bearing ni kí o bi í.

Ìbéèrè kan: kí lẹ ṣe sí oil cooler àtijọ́ kí ẹ tó gbé e sórí ẹ́ńjìnì yìí?

Onítírélà Tuntun:
Mẹkáníìkì fi epo fọ̀ ọ́, ọ̀gá.

Ọ̀gá Sípánà:
Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa dì mú. Ẹ́ńjìnì tí bearing pa ti da irin sínú cooler yẹn, fífọ̀ kì í kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ka ìwé wáráńtì rẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló ń béèrè rìsíìtì cooler tuntun. Pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ yẹn tó tún gbéra.

Onílaptop:
Ẹ má gbàgbé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde: ìgbà tó gbóná, ìgbà tí prẹ́ṣọ̀ wálẹ̀ àti wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa kóòdù kankan rẹ́. Tó bá jẹ́ common rail, níbi tí páìpù kan ti ń pín epo fún gbogbo nọ́sù, nọ́sù kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá yí ipò nọ́sù padà nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ, kọ̀ǹpútà á máa fi ìwọ̀n epo sílíńdà kan bọ́ òmíràn.

Ìyá Tírélà:
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ owó ìdógò nìkan ni èmi máa sọ. Ọkọ̀ mi pọ̀, mo sì ti bá wọn fa á rí. Block tó sán, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́ tí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kọ́ ni wọ́n ń fi kọ̀ ọ́. Ní kí wọ́n fi fọ́tò ibi tó sán ránṣẹ́, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì rẹ hàn nínú fọ́tò náà. Ìwé ni kí o kọ, má pè wọ́n lórí fóònù. Béèrè nínú ìwé kan náà bóyá wáráńtì ń san owó iṣẹ́ mẹkáníìkì àti owó fífa ọkọ̀, torí ọ̀pọ̀ ń san pààtì nìkan, kò sì sí èyí tí mo rí tó san owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni nígbà tí ọkọ̀ jókòó.

Onítírélà Tuntun:
Ẹ ṣeun, mo ti padà dé. EGR cooler ló ń fófòó, lẹ́yìn tí omi gbóná dáadáa. Ìdánwò ọ́ìlì rí epo, kò rí sodium, kò rí potassium. Nọ́sù méjì ló ń kán. Fíltà mọ́. Top cylinder ò ní nǹkankan tó ṣe é, mẹkáníìkì mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti ra oil cooler tuntun.

Wọ́n fi fọ́tò block tó sán ránṣẹ́. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì mi.

Ìyá Tírélà:
Ehn-ehn! Rìsíìtì ọjọ́ tí o gbé e lé wọn lọ́wọ́, ṣé nọ́ńbà tìrẹ wà lórí rẹ̀? Tó bá wà, so ó pọ̀ mọ́ fọ́tò wọn, fún wọn ní gbèdéke ọjọ́ tí owó rẹ gbọ́dọ̀ wọlé, kí o sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí báńkì tí o fi sanwó.

Onítírélà Tuntun:
Ó wà lórí rẹ̀, ìyá. Mo ń kọ ìwé náà lọ́wọ́.