Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀rọ GPS wo ni kí n rà fún iṣẹ́ ẹja l'Ẹ̀pẹ́?

ỌmọỌ̀sà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé, òru ni mo máa ń lọ dẹ àwọ̀n lójú ọ̀sà. Lóṣù tó kọjá, òkùnkùn ṣú dùdù, fóònù mi ní mo ti dé etí omi, àṣé àárín ọ̀sà ni mo ṣì wà. Àwọ̀n méjì ni mi ò rí mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ GPS gidi báyìí. Ẹni tó ń tà á gbé méjì fún mi wò. Ti àkọ́kọ́, GPS, GLONASS àti Galileo ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Èkejì ní gbogbo ìyẹn, pẹ̀lú NavIC àti QZSS, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n tó ìlọ́po méjì. Ó ní bí orúkọ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa ń ríran tó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Àdìsá_Ìkòròdú
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má san owó orúkọ. Ọ̀wọ́ sátẹ́láìtì ni orúkọ kọ̀ọ̀kan, ìgbì wọn ni ẹ̀rọ ń gbà láti mọ ibi tó wà. QZSS, ti Japan ni, kì í yọ sójú sánmà tiwa níbí rárá. NavIC, ti Íńdíà ni: sátẹ́láìtì méje ni wọ́n ṣètò fún un, Íńdíà àti nǹkan bíi 1,500 kìlómítà yí i ká ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tó ń yí gbogbo ayé po ni GPS ti Amẹ́ríkà, GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti Yúróòpù àti BeiDou ti Ṣáínà.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀
Òótọ́ ni Àdìsá sọ, àmọ́ díẹ̀ nínú ti Íńdíà lè hàn sí wa. Ìlà-oòrùn nìkan ni gbogbo wọn máa wà, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹ̀yin apẹja ló yẹ kí èyí tètè yé. Tí ẹ bá fẹ́ sàmì síbi tí ẹ dẹ àwọ̀n sí, ẹ kì í wo igi méjì tó wà lápá kan náà. Ẹ máa wo igi àgbọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ tún máa wo òpó lókèèrè níwájú, ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni àwọ̀n yín wà. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ rí sátẹ́láìtì mẹ́rin, kí wọ́n sì fọ́n ká ojú sánmà.

Ohun tí màá ní kí ẹ béèrè ni bóyá ó ń gba oríṣi ìgbì méjì tí sátẹ́láìtì máa ń rán wá, L1 àti L5. Ìdí ni pé a ò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì lágbedeméjì (equator). Tí oòrùn bá ti wọ̀, ionosphere, ìpele afẹ́fẹ́ tó wà lókè réré, máa ń dà rú lórí wa, pàápàá lóṣù kẹta àti ìkẹrin, àti lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ó máa ń dá ìgbì sátẹ́láìtì dúró díẹ̀ kó tó dé, á sì máa mú un gbọ̀n. Bó ṣe ń dá L1 dúró kọ́ ló ṣe ń dá L5 dúró, ẹ̀rọ á wá fi méjèèjì wéra, á sì yọ àṣìṣe yẹn kúrò. Gbígbọ̀n yẹn ò ní tán pátápátá o.

L5 ni NavIC náà ń lò, nítorí náà ẹ̀rọ tó bá ń gbà á sábà máa ń gba L5 ti GPS àti Galileo. Tí ẹ bá rà á, L5 yẹn lẹ sanwó fún, kì í ṣe Íńdíà.

ÌyáẸlẹ́ja
Ọmọ mi, èyí tí omi ò lè wọ̀ ni kóo rà. Kóo tó tu ọkọ̀, kọ́kọ́ fi sàmì sí èbúté fúnra rẹ. Máa mú bátìrì mìíràn dání. Ọkọ mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ mọ́ bá a lójú omi.

ỌmọỌ̀sà
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo padà lọ bi ẹni tó ń tà á nípa L5, ló bá lọ gbé ẹ̀kẹta jáde: GPS, Galileo, BeiDou, L1 àti L5, kò sí NavIC. Iye rẹ̀ bọ́ sí àárín méjèèjì. Mo dì í mú létí èbúté fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sátẹ́láìtì 21 ló rí. Mo ti sàmì sí èbúté. Alẹ́ òní ni mò ń gbé e wọ omi.