Ṣé dandan ni ká kọ àlàyé sí àwọn function tí ará ìta ò ní pè?

Akóòdù_Òru: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dìjà láàárín èmi àti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Python, èdè tá a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, la fi ń kọ áàpù àjọ kan, àwọn èèyàn ń dáwó lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn á kó. Àwọn function (ègé kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) tí ará ìta ń pè ti ní docstring, àlàyé tá a kọ sínú wọn, ìyẹn ò níjà. Àwọn ti abẹ́lé yẹn ni wàhálà, àwọn tá a fi underscore (àmì _) ṣáájú orúkọ wọn, wọ́n ju ogójì lọ kò sì sí ìlà àlàyé kan ṣoṣo nínú wọn. Ọ̀gá ní kóòdù tó bá dáa máa ń fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ẹni tí ò bá lè kà á kó lọ kọ́ iṣẹ́ míì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Mo rí ọ̀kan tó ń jẹ́ _adjust(d), ìlà méjì péré, ó kàn ń fi wákàtí kan kún aago tí wọ́n bá gbé fún un ni. Mo wò ó wò ó mi ò rídìí ẹ̀, mo ní ẹnì kan ló fi dán nǹkan wò tó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, mo bá yọ ọ́. Test, kóòdù tó ń yẹ kóòdù wò, ò pariwo. Ọjọ́ kìíní oṣù dé, fóònù ò sinmi mọ́. Àwọn tó dáwó láago méjìlá ààbọ̀ òru, áàpù kọ owó wọn sí oṣù tó ti lọ, ó wá ní wọn ò tíì san ti oṣù tuntun. Ìyá kan ní ṣé a fẹ́ sọ òun di ajigbèsè lọ́jọ́ ogbó ni. Àṣé UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé) ni database fi ń tọ́jú aago, aago Èkó sì fi wákàtí kan ṣíwájú ẹ̀, méjìlá ààbọ̀ òru tiwa, mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ àná ni lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ìlà kan péré ni ì bá gbà mí. Ẹ̀bi ta ni o?

BàbáPython: Àbúrò, ẹ̀yin méjèèjì ló jẹ̀bi díẹ̀díẹ̀. PEP 8, ìlànà bí wọ́n ṣe ń kọ Python, ti wà láti 2001, ó ní gbogbo function tí ará ìta ń pè gbọ́dọ̀ ní docstring, ti abẹ́lé ò pọn dandan, àmọ́ kí kọ́mẹ́ǹtì (àlàyé lẹ́yìn àmì #) tó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe wà lábẹ́ ìlà def, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ function. Apá àkọ́kọ́ lọ̀gá yín kà, kò dé ìkejì. Underscore yẹn náà, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ o, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wọlé" lásán ni, ẹni tó bá fẹ́ pè é á pè é, àfi import *, tó ń kó gbogbo orúkọ wọlé lẹ́ẹ̀kan, nìkan ló máa ń fo ó.

ÌyáKóòdù: Èmi, orúkọ yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá jà. _adjust! Kí ló ń tún ṣe, fìlà? Ẹ pè é ní _utc_to_lagos kí ẹ wo bóyá ẹnikẹ́ni á yọ ọ́. Ẹ má sì fọwọ́ ka wákàtí mọ́, zoneinfo, tó mọ aago ìlú kọ̀ọ̀kan, ti wà nínú Python láti ẹ̀dà 3.9, ẹ kọ Africa/Lagos sí i ó tán. Nàìjíríà kì í yí aago padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ọmọ ẹgbẹ́ ní London, nígbà ooru tiwọn lọ́hùn-ún aago wọn á bá tiwa dọ́gba, tó bá di ìgbà òtútù wọ́n á tún fi wákàtí kan wà lẹ́yìn.

Ìgbà tí orúkọ ò bá lè sọ ọ́ tán ni kọ́mẹ́ǹtì ń wúlò. Mo ní ọ̀kan tó ń pín 1,000 kọ́bọ̀ fún èèyàn mẹ́ta, 333 lọ́nà mẹ́ta, ó ku kọ́bọ̀ kan. Ta ló ni ín? Orúkọ wo lẹ fẹ́ fi sọ ìyẹn? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó kó kẹ́yìn ló ni ín, àwọn ẹgbẹ́ ló fẹnu kò. Round Python, tó ń sọ nọ́ńbà di odidi, náà ńkọ́, 3.5 á fún yín ní 4, 2.5 á fún yín ní 2, ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé àṣìṣe ni.

Má_dàámú_mi: Ẹ̀yin màmá, mo gbọ́, àmọ́ kọ́mẹ́ǹtì máa ń purọ́. Mo ti bá ọ̀kan pàdé tó ní ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń gbìyànjú kí a tó jáwọ́, kóòdù abẹ́ ẹ̀ ń ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, odindi ọjọ́ kan ni mo fi wá ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Test ni kẹ́ ẹ kọ.

ÌyáKóòdù: Àbí ẹ ò rí i pé "ẹ̀ẹ̀mẹta" yẹn kóòdù ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀? Ìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta ló yẹ kó kọ. Test á sọ fún yín pé nǹkan ti bàjẹ́, kò ní sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òótọ́ lẹ sọ, aago méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ kìíní yẹn, ó yẹ kó ní test.

BàbáPython: Docstring dùn ju kọ́mẹ́ǹtì lọ fún èyí tẹ́ ẹ bá ń pè níbi púpọ̀, torí help() àti editor, ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ kóòdù, á gbé e jáde. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà yín pé á bọ́ síta, Sphinx, tó ń sọ docstring di ìwé àlàyé, kì í gbé àwọn oní-underscore jáde àfi tẹ́ ẹ bá fi private-members sí i. Javadoc, irú ẹ̀ fún èdè Java, náà ò ní gbé ti abẹ́lé jáde, àfi tẹ́ ẹ bá fún un ní -private.

Akóòdù_Òru: Ẹ ṣé gan-an ni mà, ẹ ṣé sà. Mo ti padà dé. Mo yí orúkọ ẹ̀ padà, mo kọ test, mo wá kọ ìlà yìí sábẹ́ def: "UTC ni database, àjọ ń fi aago Èkó ka oṣù. Tẹ́ ẹ bá yọ èyí, ẹni tó san kí aago kan òru tó lù lọ́jọ́ kìíní á di ajigbèsè." Ọ̀gá kà á, ó rẹ́rìn-ín, kò ní kí n pa á rẹ́. Nínú gbogbo wọn, mẹ́sàn-án péré ló nílò àlàyé, àwọn yòókù orúkọ ti tó wọn. Ó ku ọ̀kan ṣá, _skip_first, èmi àti ọ̀gá jọ jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹni tó kọ ọ́ ti wà ní Kánádà. Mo ti kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, ó ti rí i, kò tíì fèsì.