Ìbéèrè Faransé: kí ló dé tí «finir» kì í di «je finais» nínú imparfait?

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú Faransé. Ìdánwò DELF A2 ni mò ń múra sílẹ̀ fún, imparfait, ìyẹn ọ̀nà tí Faransé fi ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ tàbí tó máa ń ṣẹlẹ̀ látijọ́, ló sì ń dà mí láàmú. Parler kò le: mo gé -er kúrò, mo lẹ -ais mọ́ ọn, ó di je parlais, ó parí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ní dandan ni ká kọ́kọ́ kọ nous parlons, ká tó wá yọ -ons kúrò lára rẹ̀. Ṣebí parl- náà ló máa kù? Kí wá ni gbogbo ìrìn gbọọrọ yẹn wà fún?

Èkejì: nínú ìwé tí mò ń lò, je mangeais ní e láàárín, nous mangions kò ní. Ṣé àṣìtẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àtẹ ọ̀rọ̀ ìṣe lé mi lọ́wọ́, ó wà nínú ìwé mi. Ìdí rẹ̀ ni mò ń wá.

Ará Kétu

Àbúrò, o kú ìmúra. Kì í ṣe àṣìtẹ̀ o.

Kétu ní Benin ni wọ́n bí mi sí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, Yorùbá la ń sọ tá a bá délé. Lónìí, èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní Faransé nírọ̀lẹ́, ìbéèrè tó o bi mi yìí kan náà ni wọ́n máa ń bi mí.

Parler ló ń tàn ọ́ jẹ. Parl- tó wà nínú parler náà ló wà nínú nous parlons, ìdí nìyẹn tó o fi rò pé ọ̀nà méjèèjì kò yàtọ̀. Gbé finir wá ká wò ó. Tó o bá gé -ir, fin- ló kù, wàá kọ je finais, kò sì sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ láti Àjàṣẹ́ títí dé Paris. Kọ nous finissons. Ṣó o rí -iss- yẹn? Òun ni olùkọ́ rẹ ní kó o lọ mú wá. Yọ -ons: je finissais, tu finissais, il finissait, nous finissions, vous finissiez, ils finissaient. Vendre náà, nous vendons, je vendais.

Kódà àwọn olóríkunkun inú présent (ti ìsinsìnyí), ibí yìí ni wọ́n ti ń tẹríba: nous buvons, je buvais, nous prenons, je prenais, nous faisons, je faisais. Être nìkan ló kọ̀ jálẹ̀, torí nous sommes kò ní -ons tí èèyàn máa yọ. Ét- la mú fún un: j'étais.

Ó ku mangeais. G tó bá ṣíwájú a tàbí o ń dún bíi ti gàárì. Tó bá ṣíwájú e tàbí i, ó máa ń rọ̀, ó ń sún mọ́ j. E inú mangeons kì í dún rárá, aṣọ́bodè ni, kí g má baà le. A ló bẹ̀rẹ̀ -ais, -ait àti -aient, nítorí náà aṣọ́bodè ò lè kúrò: je mangeais, ils mangeaient. Ṣùgbọ́n i ló bẹ̀rẹ̀ -ions àti -iez, i fúnra rẹ̀ sì ti rọ g. Kí ni aṣọ́bodè tún ń ṣe níbẹ̀? Nous mangions, vous mangiez. Commencer náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìrù abẹ́ ç ni aṣọ́bodè tiẹ̀, kí c má baà le: je commençais, nous commencions.

Ohun kan tún wà tó rọ àwa Yorùbá lọ́rùn. -ais, -ait, -aient, ìró kan ṣoṣo ni: ẹ. -é ti j'ai parlé sì ni e. Etí tó mọ ké yàtọ̀ sí kẹ́ kò ní ìṣòro níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará gúúsù ilẹ̀ Faransé gan-an kì í yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni màá lo j'ai mangé, nígbà wo ni màá lo je mangeais?

Tíṣà Yorùbá

Ẹ jẹ́ kí n dá sí èyí, ibá ìṣẹ̀lẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama. «Mo jẹ ẹ̀wà», ó ti tán: j'ai mangé. «Mò ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n mú iná lọ», atẹ́rẹrẹ nìyẹn: je mangeais quand le courant est parti. «Mo máa ń jẹ ẹ̀wà láràárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré», bárakú nìyẹn, je mangeais náà ni. Méjèèjì ni Faransé kó sínú imparfait. Tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ ti àtijọ́, tí ń sì wà níbẹ̀, imparfait ni.

Ará Kétu

Òótọ́ lẹ sọ, tíṣà, àmọ́ ń yẹn nìkan ò tó. «Nígbà náà, ilé wa tóbi», «ó mọ̀ mí dáadáa»: kò sí ń níbẹ̀, síbẹ̀ notre maison était grande, elle me connaissait bien. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí, imparfait ló sábà máa ń gbà. Àbúrò, tó o bá ń kọ ìtàn, bi ara rẹ: ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni àbí bí nǹkan ṣe wà?

Òǹkàwé Àtijọ́

Ẹni tó bá rí il étoit tàbí je parlois nínú ìwé tó ti pẹ́, kó má bẹ̀rù. Imparfait náà ni. Voltaire, òǹkọ̀wé Faransé, ti ń jà fún -ais tipẹ́, ọdún 1835 ni Académie française, ẹgbẹ́ tó ń mójú tó èdè Faransé, tó gbà á sínú ìwé atúmọ̀ èdè wọn.

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ bá mi wò ó: je choisissais, nous choisissions. Je partageais, nous partagions. J'oubliais, nous oublions.

Ará Kétu

Ó kù díẹ̀. Nous oublions, présent nìyẹn. Imparfait rẹ̀ ni nous oubliions, i méjì: ọ̀kan ti ara oubli-, ọ̀kan ti ara -ions. Vous oubliiez náà bẹ́ẹ̀. Tí fóònù rẹ bá fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ, má dá a lóhùn.